The Haunting of Hill House: báwo ni kí n ṣe wò ó, kí sì ni itú Yàrá Pupa yẹn?

Àbẹ̀ní Alẹ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. The Haunting of Hill House ni mo gbé wá, eré alápá mẹ́wàá tí Netflix gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Mo ti wo apá mẹ́ta, ó sì ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Tọkọtaya Crain kó ọmọ márùn-ún lọ sínú ilé àtijọ́ kan kí wọ́n lè tún un ṣe, kí wọ́n sì tà á lérè. Lẹ́yìn ìyẹn a bá àwọn ọmọ náà lágbà, oníkálukú pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀. Kí n tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, eré ti fò padà sí ìgbà èwe wọn.

Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà tò ó kí n má baà sọnù sínú rẹ̀? Ṣé eré iwin tiẹ̀ ni, àbí ìjà ẹbí tí wọ́n da aṣọ iwin bò? Mo tún gbọ́ pé òkú pọ̀ lẹ́yìn àwọn òṣèré, tí ojú kì í tètè rí. Ní tèmi, dúdú lásán ni mò ń rí. Ẹ lè sọ bó ṣe parí, ìyẹn ò dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ kí eré ya òun lẹ́nu, kó yáa má kà á kọjá ibí.

Olùṣọ́ Ìran:

Àbẹ̀ní, má tò ó rárá. Bí o bá kó ìgbà èwe wọn jọ sójú kan, o ti ba eré náà jẹ́, torí àtúnrí ni Mike Flanagan, olùdarí rẹ̀, fi kọ́ ọ. Apá márùn-ún àkọ́kọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: Steven, Shirley, Theo, Luke, lẹ́yìn náà Nell. Alẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rìn lọ bá, alẹ́ tí Nell kú sí Hill House. Ìpè tí o gbọ́ ní apá kìíní, níwájú ni wàá ti rí ẹni tó wà lórí fóònù kejì àti ohun tójú ẹ̀ ń rí lásìkò náà. Nítorí náà, bí ohun kan kò bá yé ọ, má dá a padà, tẹ̀síwájú. Wọ́n ń bọ̀ wá tún un fi hàn ọ́ láti igun mìíràn.

Má há ọdún sórí, àmì ara wọn ni kí o dìmú. Luke kékeré ló ń lo dígí ojú tó nípọn. Theo ló ń wọ ìbọ̀wọ́, lọ́mọdé àti lágbà, torí ohun tó bá fọwọ́ kàn á sọ àṣírí fún un. Shirley àti Kevin ọkọ rẹ̀ ló ni ilé ìtọ́jú òkú, Theo sì ń gbé lágbàlá wọn. Steven ló kọ ìwé nípa ilé yẹn, owó ìwé ọ̀hún ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Luke ni heroin ń bá fínra. Nell ni Arthur ọkọ rẹ̀ kú mọ́ lójú. Òṣèré méjì ló ṣe Hugh, bàbá wọn: Henry Thomas ní 1992, ìgbà èwe àwọn ọmọ, Timothy Hutton lóde òní. Carla Gugino nìkan ló ṣe Olivia ìyá wọn, torí òkú kì í darúgbó.

Lórí ìbéèrè rẹ kejì, ẹbí ni. Flanagan fúnra rẹ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ọmọ márùn-ún yẹn, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, dúró fún ìpele márùn-ún tí ọ̀fọ̀ máa ń gbà. Steven ni ẹni tí kò gbà pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Shirley ni ìbínú. Theo ni ẹni tó ń dúnàádúrà. Luke ni ìsoríkodò. Nell ló gba kámú. Bí o bá ti mọ èyí, ìkanra Shirley ní apá kejì kò ní jọ ìwà burúkú lásán mọ́, àgídí Steven náà á sì yé ọ. Wo apá kẹjọ dáadáa, nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń pariwo pé òun kò rí òkú kankan nínú ilé yẹn. Bàbá rẹ̀ wá sọ fún un pé ọkùnrin tó máa ń rí nídìí aago ńlá, èyí tó rò pé alágbàṣe tó wá tún aago ṣe ni, kò sí ẹnì kankan tó gbà á síṣẹ́.

Apá kẹrin àti ìkarùn-ún, jókòó kan ni kí o fi wò wọ́n. Ní ìkẹrin, òtútù mú Luke, ara rẹ̀ le gbagidi, kò sì mọ ohun tó fà á. Ìkarùn-ún ló sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí o sinmi di ọjọ́ kejì kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìkẹfà.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìbejì kún un, torí ó jọ pé àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa eré yìí kì í dúró níbẹ̀. Luke máa ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 90 tó fi ṣáájú Nell délé ayé ṣe ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, Táíwò nìyẹn, ẹni tí wọ́n rán kó wá tọ́ ayé wò. Nell ni Kẹ́hìndé, òun ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ojú yẹn wo apá kẹwàá, níbi tí Luke ti ń kú lọ tí Nell sì ń dá a padà, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe ojúṣe ẹ̀gbọ́n.

Kíka oókan dé eéje tí Luke máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹ má fojú fò ó. Èèyàn méje ló wọ ilé yẹn: bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún.

Àti apá kẹfà, bàbá dúró ti pósí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé àwọn àgbà kì í jẹ́ kí òbí fojú kan ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó pariwo nínú ìran yẹn, síbẹ̀ ó wúwo ju gbogbo iwin inú eré lọ.

Ẹlẹ́rọ Àwòrán:

Àǹtí Àbẹ̀ní, ti dúdú lásán yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ojú yín. Bí dátà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán wá bá kéré, ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gé e lára. Dúdú mẹ́ta tó yàtọ̀ síra á papọ̀ di ẹyọ kan, ẹ ó wá máa rí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké lára ògiri. Òkú tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú, tí wọ́n dá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ibẹ̀ gan-an ló máa bá lọ.

Ẹ wọ àkáǹtì Netflix yín, ibi Playback settings. Low ń jẹ nǹkan bíi 0.3 GB ní wákàtí kan, Medium 0.7 GB, High sì lè tó 3 GB bó bá jẹ́ HD. Eré yìí lápapọ̀ súnmọ́ wákàtí mẹ́wàá. Lórí Low, 3 GB lásán á gbé e parí, ṣùgbọ́n iwin kankan ò ní hàn sí yín. Lórí HD, ẹ múra sílẹ̀ fún 28 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dátà ò bá tó, apá 1, 5, 6 àti 10 ni kí ẹ fi HD wò, ẹ fi Medium wo ìyókù. Ẹ sì yẹ ètò tí ẹ̀ ń sanwó rẹ̀ wò: èyí tí wọ́n ń pè ní Mobile kì í kọjá 480p, tí kò mọ́ tó HD, bó ti wù kí dátà yín pọ̀ tó. Ẹni tó ní wáífáì níbì kan lè wà á sílẹ̀ sórí fóònù, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yí Download video quality sí High nínú App Settings, torí Standard ló sábà máa ń bá níbẹ̀.

Lórí TV, ẹ pa ohun tó ń jẹ́ Eco tàbí Power Saving, torí òun ló ń bu iná àwòrán kù fúnra rẹ̀ bí yàrá bá ṣókùnkùn. Ẹ kúrò lórí Vivid tàbí Dynamic, ẹ bọ́ sórí Cinema tàbí Movie. Ẹ pa èyí tó ń mú ìrìn àwòrán yọ̀ tẹ̀rẹ́ náà: TruMotion ni lára LG, Auto Motion Plus lára Samsung, Motionflow lára Sony. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, apá kẹfà á dà bí fídíò ìgbéyàwó. Bí TV yín bá ní Shadow Detail, ẹ gbé e sókè níwọ̀nba. Ẹ má fa Brightness dé òpin o, dúdú á di eérú, iwin náà á sì tún pòórá sínú eérú yẹn.

Ohùn ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ agbọ́hùn inú TV nìkan lẹ ní, ẹ má mú ohùn 5.1 níbi tí wọ́n ti ń yan èdè, English Original lásán ni kí ẹ mú. Nínú 5.1, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ní agbọ́hùn àárín tirẹ̀. TV tí kò ní in á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, orin á sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lábẹ́ fèrèsé, earpiece ni o jàre.

Ọmọ Kámẹ́rà:

Ẹlẹ́rọ ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn òkú ẹ̀yìn yẹn, kọ̀ǹpútà kọ́ ló yà wọ́n. Èèyàn gidi tí wọ́n kùn lójú ni, wọ́n dá wọn dúró sínú yàrá kí wọ́n má mira. Kámẹ́rà kì í sún mọ́ wọn, orin kì í yí padà nítorí wọn. Abẹ́ dùrù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onídígí, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀: ibẹ̀ ni kí ojú yín máa lọ nígbà tí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ lọ níwájú.

Apá kẹfà, Two Storms (Ìjì Méjì), ni mo ní kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwòrán márùn-ún péré ló gbé gbogbo apá yẹn, èyí tó gùn jù tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 láìgé. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Inú ilé ìtọ́jú òkú Shirley àti inú Hill House, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n kọ́ wọn sí nínú sítúdíò ní Atlanta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan so wọ́n pọ̀. Nígbà tí Hugh arúgbó bá ń rìn lọ lọ́dẹ̀dẹ̀ òde òní tí ó sì já sí Hill House, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wọlé bá àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ló dúró níwájú rẹ̀. Kámẹ́rà yí, ó padà, àwọn àgbà ló wà níbẹ̀. Kò sí idán kankan níbẹ̀, àwọn ọmọ náà sá kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà ni, àwọn àgbà sì bọ́ sí ipò wọn.

Ohun tó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ pọ̀. Kámẹ́rà tó ń yí kiri yàrá á rí gbogbo igun, ìyẹn ni pé kò síbi tí èèyàn lè gbé iná tàbí gbohùngbohùn dúró sí. Iná gbọ́dọ̀ wá láti òkè tàbí láti ara àtùpà inú yàrá náà, kí ẹnì kan sì máa dín in kù tàbí kó máa gbé e sókè bí kámẹ́rà ṣe ń lọ. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dánra wò kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà síṣẹ́.

Ẹ tún máa ṣọ́ Nell. Òkú rẹ̀ wà nínú pósí, òun náà sì tún ń dúró lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn. Nínú ìjì ti 1992, Nell kékeré ni wọ́n wá títí tí wọn ò rí. Nígbà tí wọ́n rí i, ó ní ibẹ̀ lòun wà látìgbà yẹn, òun ń kígbe, kò sẹ́ni tó rí òun. Ìjì méjèèjì, ohun kan náà ni.

Kò-Gbà-Bẹ́ẹ̀:

Ẹ ti ń yin eré yìí jù. Títí dé apá kẹfà, mo gbà. Láti ìkeje lọ, àròyé ló kù. Ẹnì kan á dúró, á sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láìmí, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ní apá kẹjọ, ìjà Shirley àti Theo ì bá ti sú èèyàn bí kì í bá ṣe pé Nell gbé orí yọ láàárín wọn tó sì kígbe. Lóòótọ́, ìdẹ́rùbani yẹn ṣiṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ ti gùn débi tí olùwòran ti gbàgbé pé eré iwin lòun ń wò.

Ìparí ló bí mi nínú jù. Ilé tó pa Abigail, ọmọ kékeré tí tọkọtaya Dudley tó ń ṣọ́ ilé náà bí, tí wọ́n sì tọ́jú pamọ́, tí Luke sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni tí wọ́n ní irọ́ ló ń pa! Olivia fún un ní tíì tó ní oògùn eku. Ilé tó pa Nell. Lójijì, ní apá kẹwàá, ilé yìí kan náà di ibi tí ẹbí ti ń pàdé ara wọn lẹ́yìn ikú. Ọ̀gbẹ́ni Dudley gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń kú lọ wọbẹ̀ kó lè bá ọmọ rẹ̀ gbé, orin dídùn ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù tí wọ́n fi apá mẹ́sàn-án kó jọ, wọ́n dà á nù.

Olùṣọ́ Ìran:

Ọ̀gá Kò-Gbà, mo bá yín fara mọ́ ti àròyé. Ti ìparí ni mi ò gbà tán.

Ẹ wo Yàrá Pupa dáadáa, ilẹ̀kùn tí Hugh wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí tí kò ṣí. Gbogbo wọn ti ń wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n dé, wọn ò mọ̀ ni. Ibi tí Steven ti ń ṣeré géèmù, iyàrá tí Theo ti ń jó, iyàrá ìṣeré Nell, yàrá ìkàwé Olivia, ilé orí igi Luke, yàrá kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn ló ń gbé wọ̀ fún un. Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà níwájú wa tipẹ́: fèrèsé gígùn tóóró kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ẹ padà lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ilé orí igi fún Hugh, ó ní èwo ni ilé orí igi, òun tó ń ṣe gbogbo kíkàn àti gbígbẹ́ inú ọgbà yẹn. Nell ló là á mọ́lẹ̀ fún wọn lápá kẹwàá pé yàrá yẹn ni ikùn ilé náà. Nítorí náà, ilé tó ń fi ohun dídùn tan èèyàn jẹ ni. Bí ó bá wá dùn lójú àwọn Dudley, ìwà rẹ̀ kò tíì yí padà.

Àbẹ̀ní, Obìnrin Ọrùn-Wíwọ́ tó ń dẹ́rù ba Nell láti kékeré náà, Nell fúnra rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó fi okùn sọ́rùn, ó já bọ́ gba inú gbogbo àsìkò tó ti ń rí obìnrin yẹn kọjá, títí dé orí ibùsùn ìgbà èwe rẹ̀. Bí o bá mọ èyí kí o tó padà wo apá kìíní, eré mìíràn ni wàá rí.

Ti kéèkì pupa ìgbẹ̀yìn, tí wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀ ọdún méjì tí Luke ti jáwọ́ nínú oògùn, ọ̀pọ̀ ló ní ó túmọ̀ sí pé wọn ò kúrò nínú Yàrá Pupa. Flanagan ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn pé òun rò ó láti fi fèrèsé Yàrá Pupa hàn lẹ́yìn wọn nínú ìran yẹn, òun sì yọ ọ́ kúrò, torí òun fẹ́ kí wọ́n rí ìsinmi.

Kò-Gbà-Bẹ́ẹ̀:

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti fẹnu ara yín sọ ọ́. Flanagan ní ìparí tó múni lọ́kàn lọ́wọ́, àánú ṣe é, ó yọ ọ́ kúrò. Ohun tí mò ń jà fún gan-an nìyẹn. Ti fèrèsé yẹn dára o, mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀.

Àbẹ̀ní Alẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pa Eco lára TV, mo ti rí ojú kan nínú òkùnkùn, mi ò tíì lè sùn. Ṣé Bly Manor ló tẹ̀lé e? Àti fíìmù àtijọ́ tí wọ́n ní ó wà, ṣé kí n wò ó kí n tó parí èyí?

Olùṣọ́ Ìran:

The Haunting of Bly Manor jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, apá mẹ́sàn-án ni. Ìtàn mìíràn pátápátá ni, ilé mìíràn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ nínú àwọn òṣèré náà ló padà wá ní orúkọ mìíràn. Victoria Pedretti tó ṣe Nell ni olùtọ́jú ọmọ níbẹ̀. Flanagan darí gbogbo apá Hill House fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kìíní nìkan ló darí ní Bly, ó sì hàn. Ó jọ ìtàn ìfẹ́ ju ti ẹ̀rù lọ.

Ìwé Shirley Jackson ti ọdún 1959 ni orísun Hill House, wọ́n sì ti fi ṣe fíìmù ní 1963 àti 1999. Parí eré yìí kí o tó lọ bá wọn, torí orúkọ nìkan ni wọ́n pín: nínú ìwé, Hugh Crain ló kọ́ ilé náà, Luke àti Theo kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ti 1963 ni kí o wá, fi ti 1999 sílẹ̀. Russ Tamblyn tó ṣe Luke ní 1963 ló padà wá ṣe dókítà Montague, tí Nell ń lọ bá sọ̀rọ̀, nínú ti Netflix.

Ọmọ Kámẹ́rà:

Bí o bá rí àwo Blu-ray tàbí DVD rẹ̀ tó jáde ní 2019, apá 1, 5 àti 10 gùn lórí rẹ̀ ju ti Netflix lọ, bí olùdarí ṣe fẹ́ wọn níbẹ̀rẹ̀. Òkùnkùn inú àwo Blu-ray mọ́ ju ti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì ná ọ ní dátà kankan. Ṣùgbọ́n yẹ nọ́ńbà tàbí lẹ́tà ẹkùn (region code) tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ wò kí o tó sanwó: àwo tí wọ́n tẹ̀ fún Amẹ́ríkà nìkan lè má ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Yúróòpù.